Ẹni Tó Ni Ọ̀kọ̀ Ló Ni Orí Àrọ̀

Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ọ̀kọ̀ fún mi, lọ́jọ́ tí mo gbẹ́ igi kan lẹ́nu ṣóṣóró tí mo ní ọ̀kọ̀ ẹja ni. Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Ìwọ lo ni ín, àbí o yá a?" Mo ní èmi ni mo ni ín. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jókòó."

Ó ní láyé àtijọ́, nígbà tí ibú ilé wa ṣì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pá oparun kì í kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọbàkan méjì wà lágboolé wa. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn yàtọ̀. Àbúrò yá ọ̀kọ̀ ẹ̀gbọ́n, ó fi pa àrọ̀ kan tó gùn bí ọmọdé tó ti ń rìn, ó gbé e relé, ó sè é, ó jẹ ẹ́, kò fún ẹni tó ni ọ̀kọ̀ ní ìrù rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí ọdún yípo tí wọ́n tún wọ inú ibú, wọn ò wá ẹja mọ́. Ara wọn ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan jáde nínú omi pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo. Mo bi Ìyá Àgbà pé èwo nínú wọn ni. Ó ní òun ò ní sọ, torí ìran ẹni tó fọ́jú àti ìran ẹni tó fọ́ ọ lójú ló jọ ń jẹun nínú agboolé yìí, òun ò sì fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ẹnikẹ́ni.

Látìgbà náà làwọn àgbà ti là á sílẹ̀. Ẹni tó bá ni ọ̀kọ̀ ló ni orí ẹja, ẹni yòówù kó gún un. Ó lè gbé orí náà fún ẹni tó bá wù ú kó bá a sè é. Ilé tí orí àrọ̀ àkọ́kọ́ bá sì wọ inú ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ibú, ilé yẹn ló ni etí ibú, títí ọlọ́jọ́ á fi dé bá olórí ilé náà.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí etí ibú jẹ́, nítorí ẹni tí kì í ṣe ará wa lè rò pé ilẹ̀ ẹrẹ̀ lásán là ń jà sí. Abúlé wa wà lápá ibi tí ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Yewa. Nígbà òjò, odò náà a kún wọ inú oko wa. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi a fà sẹ́yìn, a sì fi ibú kan sílẹ̀ fún wa láàárín igbó, omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọ́n ti da mílíìkì sí. Gbogbo ẹja tí kò tètè bá odò padà, inú ibú yẹn ló há sí. Ẹ̀gbẹ́ kan ibú náà ga, ó gbẹ, ibẹ̀ sì ni ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja wà. Ẹni tó bá ni etí ibú ló ń dá ọjọ́ tí wọ́n máa dẹ ìgèrè, òun ló ni ààrò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì làwọn obìnrin Àgọ́sasà àti ti Ìlaro ti ń wá ra ẹja yíyan.

Bàbá mi ló ni etí ibú náà nígbà ayé rẹ̀. Màmá mi, ìyàwó rẹ̀ kejì, ló ń yan ẹja níbẹ̀. Èéfín ààrò yẹn ló sọ ojú màmá mi di pupa, èéfín yẹn náà ló rán mi nílé ìwé títí mo fi di tíṣà ní Ìlaro. Màmá mi ò ní oko. Kò ní ìsọ̀ lọ́jà. Ààrò yẹn ló ní.

Bàbá kú. A sin ín. Kí ọyẹ́ tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyáálé, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá màmá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó fẹ́ fà á yọ. Ìyá tirẹ̀ ti kú ṣáájú bàbá. Ọkọ̀ akérò ló ń wà lọ sí Ìdí-Ìrókò, ẹnu rẹ̀ sì dùn láti máa bá àwọn aṣọ́bodè ṣe àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n nínú ilé, àṣẹ ló máa ń pa.

Ó ní, "Màmá kékeré, ẹ máa kó ẹrù yín díẹ̀díẹ̀ o. Tí orí àrọ̀ bá ti wọ ìkòkò ìyàwó mi, mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ yín létí ibú yẹn mọ́."

Màmá mi ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, a kì í dúnàá dúrà ẹja nínú ibú."

Ó ní, "Ẹ máa pòwe. Ẹ jẹ́ kí òwe ra kẹrosíìnì fún yín."

Ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá mi bu eérú sórí itọ́ náà, ó padà sórí ìrẹsì rẹ̀. Nígbà tí mo délé lópin ọ̀sẹ̀ tó sọ ọ́ fún mi, ohun kan ṣoṣo ló fi kún un: "Wá ọ̀kọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀kọ̀. Ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ mú, torí bí irin bá dára tí ọ̀pá ò dára, ẹja ló máa gbé irin lọ. Àwọn kan fẹ́ràn oparun. Oparun fúyẹ́, ó sì ń léfòó bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń léfòó náà ni kì í fi fẹ́ wọlé; bí o bá fi agbára tì í sínú omi, omi á máa tì í padà. Èmi fẹ́ àtòrì. Àtòrì tẹ́ẹ́rẹ́, ó wúwo níwọ̀nba, ó lè tẹ̀ kó má kán. Mo wọ igbó, mo gé èyí tí kò ní kókó púpọ̀, mo bó èèpo rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, mo so ó rọ̀ sábẹ́ àjà ìdáná màmá mi, mo so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà wọ́. Èéfín ń kùn ún lókè, òkúta ń fà á nísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí màmá mi bá dáná ló máa ń gbójú sókè wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

Irin ló kù. Alágbẹ̀dẹ tí mo lọ bá ní Ìlaro kó oríṣiríṣi síwájú mi. Mo mú irin tí wọ́n fi ń kọ́lé, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún, ó tẹ̀, mo dá a padà. Ó fi èyí tó ní ẹnu mẹ́ta hàn mí. Mo ní èpìyà ni wọ́n ń fi ìyẹn gún, èpìyà tó fẹ̀ bí àwo tí ara rẹ̀ sì rọ̀; àrọ̀ ni mò ń lọ bá. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bínú sí mi, Tíṣà? Ṣé èmi ni àrọ̀?" Mo ní kó má bínú. A gbà pé kó fi irin sípíríìn ọkọ̀ rọ ọ́, ẹnu kan, kó sì ya ìkọ́ méjì sí i, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ẹja má lè yọ ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi kọjá, tó dúró, tó padà sẹ́yìn. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé. Àwọn èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ náà yọ orí.

Ó ní, "Tíṣà! Kí lò ń rọ níbẹ̀? Abẹ́rẹ́ tó o fẹ́ fi rán aṣọ ọmọ iléèwé?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ máa lọ, èrò yín ń dúró."

"Mo ń lọ. Òde kejì ni mò ń lọ, lẹ́yìn bodè. Ọ̀kọ̀ tí mo máa gbé bọ̀, bó bá rí tìrẹ, ó máa bi í pé ta ni bàbá ẹ."

"Bàbá kan náà ló bí wọn, Ẹ̀gbọ́n. Bó bá bi í, á mọ̀."

Èrò kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà wo ẹni tó rẹ́rìn-ín náà, ó sì wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ariwo. Ẹni náà á ti jẹ ìyà rẹ̀ kó tó dé Ìdí-Ìrókò.

Lọ́jọ́ ìsinmi, bí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹní sí iwájú ilé, ó to ẹrù rẹ̀ sí i lórí kí gbogbo agboolé wá wò. Gíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ojú láti fi ríran nísàlẹ̀ omi. Bàtà rọ́bà méjì wà níbẹ̀ tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Láàárín wọn ni ìbọn náà dùbúlẹ̀ sí. Ó gùn, ó dúdú, kò sí ihò ẹ̀tù lára rẹ̀. Rọ́bà líle méjì ni wọ́n fi ń fa irin gígùn kan sẹ́yìn, bí o bá sì tẹ irin kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, rọ́bà á ju irin gígùn náà síwájú, okùn ọ̀rá á sì tẹ̀ lé irin kí ẹja má gbé e lọ. Àwọn tó ń pẹja nínú òkun lápá Sẹ̀mẹ̀ ló ń lò ó. Mo kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí mo rí i pé ó dára.

Olórí ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ kan ìbọn náà. "Ta ló ni èyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ni, Bàbá. Mo rà á."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ pọ̀n. Ará òde kejì ni, láti etí òkun. Ó máa ń fi Faransé bú ọkọ rẹ̀ bí inú bá ń bí i. Ó ní, "Àbí ẹ ò tíì sọ fún wọn pé..."

"Lọ wo ọbẹ̀ lórí iná."

"Ọbẹ̀ ò sí lórí iná."

"Lọ gbé e kaná!"

Ó lọ. Olórí ẹbí wò ó títí ó fi wọlé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọn kì í yìnbọn ní ibú wa."

"Bàbá, kò ní ẹ̀tù. Ọ̀kọ̀ ni. Rọ́bà ló kàn ń bá mi jù ú."

"Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀, òfin ọ̀kọ̀ ló máa tẹ̀ lé e."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ gbọ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fẹ́ dán an wò lára ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Irin náà gba inú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, ó sì lu dírọ́ọ̀mù omi màmá mi. Omi tí wọ́n ti pọn láti àárọ̀ ń ṣàn gba àgbàlá. Màmá mi jáde, ó wo ihò náà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá kékeré, mo ti ní kẹ́ ẹ máa kó ẹrù yín."

Mo ti gbé ẹsẹ̀. Màmá mi ló di apá mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ó rọra sọ fún mi pé, "Má ṣe jà fún dírọ́ọ̀mù. Bó o bá dé inú omi, má gún orí. Orí àrọ̀, òkúta ni. Ẹ̀yìn orí, níbi tí ẹran ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kó o gún."

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ibú, gbogbo agboolé sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti ro ọ̀nà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkòkò tuntun lọ́wọ́, ìkòkò tí wọ́n rà nítorí orí àrọ̀. Màmá mi ò gbé ìkòkò tuntun. Ó ti ṣáájú gbogbo wa débẹ̀, ó ti dáná sínú ààrò bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀ tó dúdú bí ìdí àwo fìtílà. Obìnrin kan láti ilé kejì ní, "Ìyá, ẹ ti dáná kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá iná yín ni?" Màmá mi ní, "Bí kì í bá ṣe tèmi, kí ẹni tó ni ín wá pa á." Ẹnikẹ́ni ò wá.

Bí òfin ti rí, àrọ̀ tí kò bá gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, a kì í kà á. A wọ omi. Èmi wà lápá ibi tí gbòǹgbò igi ti wọ omi, omi dé mi ní ìbàdí. Ẹ̀gbọ́n mi de gíláàsì mọ́ ojú, ó ki bàtà pẹ́pẹ́yẹ bọ ẹsẹ̀, ó rì sínú omi. Kò pẹ́ tó fi yọ, ẹrẹ̀ kún orí rẹ̀, ó ń húkọ́. Kí ni èèyàn fẹ́ rí nínú omi tó pọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn? Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, mo sì jẹ́ kó gbọ́.

Ó bọ́ gíláàsì dànù. Ó bọ́ bàtà, ó jù wọ́n sétí omi. Ṣùgbọ́n kò bọ́ ìbọn. Ó gbé e lé èjìká, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ẹni tó bá mọ àrọ̀ mọ̀ pé kì í lè ṣe kó má yọ wá mí afẹ́fẹ́. Bó pẹ́ bó yá, á yọ ẹnu sókè, á sì padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti rántí ohun tí bàbá wa kọ́ àwa méjèèjì.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni ẹja náà ti kọ́kọ́ yọ. Mo rí irùngbọ̀n rẹ̀, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú, ó gùn bí apá mi tòun èjìká. Mo gún un. Gbogbo ohun tí màmá mi sọ wà létí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti yá jù. Orí ni mo bá. Irin sípíríìn tí mo yàn, ọ̀pá àtòrì tí mo fi èéfín gbẹ, gbogbo rẹ̀ yọ̀ lórí egungun yẹn bí ẹni gún àwo, ọ̀kọ̀ náà sì wọ inú gbòǹgbò, ìkọ́ méjì tí mo fi owó mi ní kí wọ́n yà sí i di gbòǹgbò mú, kò fẹ́ tú sílẹ̀. Bí mo ti ń fà á ni ẹja náà sá lọ, ó yọ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ ìró rọ́bà. Gbà!

Okùn ọ̀rá náà le. Omi dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi ń fà, ó ń kígbe, ó gbé e dé orí ilẹ̀ gbígbẹ. Irin náà ti gba ẹ̀yìn orí wọlé, ó ti yọ ní òdìkejì. Kò sí ẹni tó lè ní kò gún un dáadáa.

Ó yíjú sí mi níbi tí mo ti ń fa gbòǹgbò. "Tíṣà, o ṣeun. O bá mi lé e wá." Ó yíjú sí ààrò. "Màmá kékeré, ó tó kẹ́ ẹ dìde."

Màmá mi ò dìde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé ìkòkò bọ̀.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ wá, tó ń sáré, tó ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀kadà ló gbé e dé ẹ̀yìn igbó. Géńdé ni, oòrùn etí òkun ti pọ́n irun rẹ̀. Ó ní, "Fúsíì mi! Ẹ ò rí fúsíì mi! Mo sọ fún un pé ẹja kan ò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!" Fúsíì làwọn ará òde kejì ń pe ìbọn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ gbá ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra. Kò mọ nǹkan kan nípa òfin wa. Ó kàn gbọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, pé òní ni wọ́n máa lo ìbọn òun, ó sì wá wòran.

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbọ́n mi.

Olórí ẹbí fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ta ló ni ọ̀kọ̀ tó pa ẹja yìí?"

Mo fẹ́ kó o dúró níbí, kó o wò ó bí èmi náà ṣe ń wò ó láti ọjọ́ yẹn. Ìyàwó rẹ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ẹni tó ni ìbọn, ọmọ ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ká ní ó sọ pé, "Bàbá, àna mi ló ni ín, mo yá a," orí ẹja á di ti àna, àna á gbé e fún àbúrò rẹ̀ kó bá òun sè é, àbúrò rẹ̀ á sì gbé e sínú ìkòkò ilé ọkọ rẹ̀. Etí ibú á di tirẹ̀. Màmá mi ì bá ti dìde lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ṣùgbọ́n ó ti sọ pé òun rà á, èmi sì wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ dé mi ní ìbàdí, mò ń wo ẹnu rẹ̀. Kò fẹ́ kí n rí i pé ohun ẹlòmíì ló fi borí mi.

Ó ní, "Èmi ni mo ni ín. Mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ọwọ́ àna rẹ̀ tó ti nà láti gbá a mọ́ra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "O ò mọ̀ mí rí? Ìwọ? Ìwọ tí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lójú bàbá mi, tí yanrìn wọ̀ ọ́ lẹ́nu?"

"Ará Kútọnu, kúrò létí omi wa."

"Mo ń kúrò. Fún mi ní fúsíì mi."

"Wá gbà á."

Ó yí ẹnu ìbọn náà díẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Irin ò sí nínú rẹ̀, ara ẹja ni irin wà, gbogbo wa sì rí i, síbẹ̀ àwọn obìnrin kígbe. Mo rántí ojú kan tí Ìyá Àgbà ò sọ ẹni tó ni ín fún mi.

Olórí ẹbí ò gbé ohùn sókè. Ó kọjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. "Ìyàwó wa, ta ni àlejò yìí?"

Ọmọbìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. "Bàbá, ìyá kan náà ló bí wa. Òun ló sì ni ìbọn. Èmi ni mo bá ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ kó yá a."

Wọ́n gé orí àrọ̀ náà, wọ́n gbé e lé ewé kókò, wọ́n gbé e fún àlejò. Ó dúró, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lẹ́sẹ̀. "Kí ni kí n fi èyí ṣe?"

Olórí ẹbí ní, "Tìrẹ ni. Ẹni tó bá wù ọ́ ni kó bá ọ sè é."

Kò sí ẹni tí kò wo ìkòkò tuntun yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá wò ó, ó jọ pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, torí ó ju ìbọn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú, eré ni mò ń ṣe..."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó yí ìkòkò tuntun náà dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé e síbí. Ìkòkò ẹni tí kò mọ̀ yín rí ni."

Àlejò náà wò yí ká. Iná kan ṣoṣo ló ń jó létí ibú. Ó rìn lọ síbẹ̀. "Màmá, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti wà lọ́nà, ebi ń pa mí. Ṣé ẹ máa bá mi sè é?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni màmá mi kọ́kọ́ wò. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìdérí ìkòkò rẹ̀.

"Ata púpọ̀ àbí díẹ̀?" ló bi àlejò náà.

"Púpọ̀, Màmá."

Ariwo sọ. Wọ́n ní irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹni tí kò mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ló gba etí ibú. Olórí ẹbí ní kí wọ́n sọ òfin tí màmá mi tasẹ̀ àgẹ̀rẹ̀ sí fún òun. Wọn ò rí ọ̀kan sọ. Àlejò náà jẹun tán, ó fọ ìbọn rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó ṣa gíláàsì àti bàtà rẹ̀ nílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bá a gun ọ̀kadà tòun tọmọ, wọ́n lọ sí òde kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti tún lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó dá ìyàwó rẹ̀ padà fún un. Mo gbọ́ pé yanrìn tún wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mi ò ṣàánú rẹ̀.

Màmá mi náà ò ṣàánú. Ó ránṣẹ́ sí i pé òun ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ létí ibú, bó ti sọ ọ́ fún òun gan-an ló ṣe sọ ọ́ padà, kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló gbà láyè, òun sì ló ń bá a yan ẹja báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi páànù dí àárín ilé rẹ̀ àti ìdáná màmá mi. Bí a bá pàdé lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n," nítorí pé ó jù mí lọ. Òun á wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. Ọ̀kọ̀ mi ṣì wà nínú gbòǹgbò yẹn. Bí omi bá fà, a máa ń rí ìdí rẹ̀.

Dírọ́ọ̀mù tó lù náà wà níbẹ̀ dòní. Màmá mi ò jẹ́ kí wọ́n dí ihò rẹ̀. Iyanrìn ló kó sínú rẹ̀, ó gbin ata sí i.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bí ẹja tí o ti ń lé bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ, tí ẹni tí o kórìíra ń wo ẹnu rẹ, tí àgbà sì bi ọ́ pé ta ló ni ohun tí o fi pa á, kí ni wàá sọ?